Àtẹ́rígbà

A kò fi itọ́ mọ Ìga Olúmòkun.
Amọ̀ pupa ni, ọkọ̀ ojú omi ló kó o láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta,
ìkarahun inú ọ̀sà ni wọ́n sun di ẹfun
tí wọ́n fi rẹ́ ẹ lára.
Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọdún tí òyìnbó yin àgbá lu Èkó,
òrùlé lọ, igi àjà lọ,
ògiri jókòó síbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Èmi ni wọ́n ní kí n wá wọn ilé.
Mo gbé téèpù, mo gbé ìwé àti pẹ́ńsù.
Akódì mẹ́ta, kànga kan tí omi rẹ̀ níyọ̀,
àjà tí ikán jẹ títí tó fi rí bí ẹ̀wù àgbà,
àti ọ̀dà lórí ọ̀dà:
funfun ti èṣí,
àwọ̀ ewé tí wọ́n kùn nígbà tí gómìnà kan fẹ́ wá kí wọn
(kò padà wá),
búlúù ti ọdún òmìnira,
lẹ́yìn náà ẹfun, lẹ́yìn ẹfun, ojú ìka ọwọ́,
ìka tẹ́ẹ́rẹ́, ìka obìnrin tó rẹ́lé lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ẹbí jókòó sórí àga rọ́bà.
Bùráímọ̀ ní ká fi mábù sílẹ̀,
ká fi gíláàsì dúdú sí fèrèsé bíi ti báǹkì.
Ọmọ wọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí fóònù, ní ká tà á:
"Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó! Ẹ mọ iye tó jẹ́?"
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Gbogbo wọn ló mọ iye tó jẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni ohùn wọn ṣọ̀kan lé lórí:
ilẹ̀kùn kúkúrú tó wà lẹ́yìn akódì kẹta.
"Ẹ bá wa fi búlọ́ọ̀kù dí i," ni alága wí.
"Ọ̀nà ewúrẹ́ ni."
Fẹlisíánù Paráísò, káfíńtà, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin,
tó jẹ́ pé bàbá bàbá bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ àtẹ́rígbà náà,
gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀.
Ó ní: "Ewúrẹ́ wo ló ń wọlé tí wọ́n ń sọ lórúkọ?"

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó nàka sí òpó ọwọ́ ọ̀tún.
A fá ọ̀dà kúrò. Ìlà ló wà níbẹ̀, ìlà èédú,
bí oníkálukú ṣe ga tó lọ́jọ́ tí wọ́n rà á dé.
Èyí tó ga dé èjìká mi, orúkọ rẹ̀ ti sọnù.
Èyí tó ga dé ìbàdí mi,
Fẹlisíánù wò mí, ó wo ilẹ̀:
"Ìyá ńlá yín rèé. Abẹ̀rẹ̀wọlé ni wọ́n sọ ọ́.
Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ ń pè é."

Orúkọ yẹn kò ṣàjèjì nílé wa.
Mo máa ń rò pé ìtẹríba rẹ̀ ni wọ́n fi ń yìn ín.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: gíga rẹ̀, mítà kan dín díẹ̀.
Pẹ́ńsù kán. Mo gbẹ́ ẹ. Mo tún un kọ.
Alága ní kí n má kọ ọ́.
Mo ní mo ti kọ ọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n ṣí Ìga.
Òrùlé tuntun ń dán. Mábù kò sí;
lọ́yà tó ń bá wọn ṣẹjọ́ ìpín ló gba owó mábù.
Iyọ̀ sì ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́,
ọ̀sà kì í gbàgbé ọ̀nà ilé.
Olóyè onífìlà funfun gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé, wọ́n ya fọ́tò.
Èmi gba ẹ̀yìn.
Mo rọra bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa,
síbẹ̀ àtẹ́rígbà gbá mi lórí
bí ìyá tó ń bi ọmọ pé, níbo lo ti pẹ́ sí?